Gbígbé Láàrin Àwọn Júù Tí Ó Gba Mèsáyà Gbọ́

Ẹ̀kọ́ fún àwọn ará ìjọ àti àwọn olùkọ́ ní ilẹ̀ Ìbàràpá

Bíbélì kíkà: Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 15:1–31, Róòmù 11:11–24, Éfésù 2:11–22.



Láti ọ̀pọ̀ ọdún wá ni àwọn Kristẹni ilẹ̀ wa ti ń rin ìrìn-àjò lọ sí Jerúsálẹ́mù. Ní ọdún 2007 ni òfin ìjọba àpapọ̀ dá Àjọ kan sílẹ̀ láti máa bójú tó ìrìn-àjò náà. Àwọn tí ó bá lọ a máa rí Bẹ́tílẹ́hẹ́mù, Násárẹ́tì, odò Jọ́dánì àti Òkè Ólífì; wọn a sì mú omi inú ìgò àti òróró bọ̀ wá sílé. Ohun rere ni èyí. Ṣùgbọ́n bí a bá bi ọ̀pọ̀ nínú wọn pé, “Ǹjẹ́ ẹ bá Júù kan pàdé níbẹ̀ tí ó gba Jésù gbọ́?” ẹnu a yà wọ́n, nítorí wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ wà. Òkúta ni wọ́n lọ wò. Àwọn òkúta ààyè tí Àpọ́sítélì Pétérù sọ̀rọ̀ wọn (1 Pétérù 2:5) ni wọn kò rí. Àwọn àgbà wa a máa wí pé àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ẹ̀kọ́ yìí wà láti la ojú àlejò.

Kò sì di ìgbà tí a bá wọ ọkọ̀ òfúrufú kí a tó kọ́ ọ. Ẹni tí ó jókòó ní Ìgbó-Ọrà, Èrúwà, Lánlátẹ̀, Ìdèrè, Tápà, Ayétẹ̀ tàbí Ìgàngán lè kọ́ ọ, yóò sì rí i pé ọ̀rọ̀ náà kan òun gan-an. Kókó rẹ̀ kan ṣoṣo ni èyí: Júù tí ó gba Jésù gbọ́ kò fi ilé baba rẹ̀ sílẹ̀ wá sí ilé tiwa, àwa ni a mú wọ ilé tirẹ̀. Ẹni tí ó bá ní àǹfààní láti gbé láàrin wọn, ìbáà ṣe fún ọjọ́ mẹ́ta péré, kí ó lọ pẹ̀lú ọkàn ẹni tí a gbà wọlé.

I. Ta ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí?

Júù ni Olúwa wa nípa ti ara. Júù ni ìyá rẹ̀, Júù sì ni àwọn méjìlá. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù dé Jerúsálẹ́mù nígbà ìkẹyìn, Jákọ́bù fi hàn án pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún Júù ni ó ti gbàgbọ́, gbogbo wọn sì ní ìtara fún òfin (Ìṣe 21:20). Nítorí náà, ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, kò sí ẹni tí ó ń béèrè bóyá Júù lè di ti Jésù. Ìbéèrè tí ó fẹ́rẹ̀ fa ìjọ ya ni pé, ǹjẹ́ ẹni tí kì í ṣe Júù lè jẹ́ ti Jésù láìkọ́kọ́ di Júù? Ìgbìmọ̀ tí a kà nípa rẹ̀ nínú Ìṣe orí 15 ni ó yanjú ọ̀ràn náà. Ẹ kíyèsí àwọn tí ó jókòó nínú ìgbìmọ̀ náà: Pétérù, Jákọ́bù, Pọ́ọ̀lù, Bánábà. Júù ni wọ́n. Àwọn Júù ni ó gbà pé kí a má ṣe di ẹrù ìkọlà àti ti òfin ru wá. Bí ọmọ Ìbàràpá ti lè jẹ́ ọmọ Ọlọ́run, tí ó sì tún jẹ́ ọmọ Ìbàràpá, àwọn ni a ní láti dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Lónìí, àwọn Júù tí ó gbà pé Jésù ni Mèsáyà wà ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì, ní Amẹ́ríkà, ní Gẹ̀ẹ́sì, ní Rọ́ṣíà àti ní ibòmíràn. Ní èdè Hébérù, ọ̀pọ̀ wọn ń pe ara wọn ní Júù ti Mèsáyà. Yeshua ni wọ́n ń pe Jésù, nítorí orúkọ tí ìyá rẹ̀ fi ń pè é ní Násárẹ́tì nìyẹn. Ní ọdún 1999, àwọn aṣèwádìí kan láti Dẹ́nímáàkì tẹ ìwé jáde, nínú èyí tí wọ́n ka ìjọ irú wọn 81 ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì. Nígbà tí ó fi máa di bí ogún ọdún lẹ́yìn náà, wọ́n ti ju 200 lọ. Ọ̀pọ̀ nínú ìjọ wọ̀nyí ni ó kéré, tí ó ń pàdé nínú ilé tàbí nínú yàrá tí a háyà. Láàrin àwọn Júù tí ó ju mílíọ̀nù méje lọ ní ilẹ̀ náà, ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n.

II. Ìbátan wọn pẹ̀lú Ìjọ wa

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀ràn àwọn tí ó jìnnà sí wa ni èyí. Ní ọdún 1799 ni a dá Ẹgbẹ́ C.M.S. sílẹ̀ ní London, ẹgbẹ́ tí ó mú Ìhìnrere dé Abẹ́òkúta ní 1846, tí ó sì tàn án kálẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, ní 1809, a dá ẹgbẹ́ mìíràn sílẹ̀ ní ìlú kan náà láti mú Ìhìnrere tọ àwọn Júù lọ. William Wilberforce àti Charles Simeon wà lára àwọn tí ó ran ẹgbẹ́ méjèèjì lọ́wọ́. Ọmọ ìyá kan náà ni ẹgbẹ́ méjèèjì.

Ọkùnrin kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Michael Solomon Alexander. A bí i ní ọdún 1799 ní Schönlanke, ní ilẹ̀ Prussia, nínú ilé Júù tí ó pa òfin mọ́ gidigidi. Ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1820, ó sì di ẹni tí ń ka àdúrà nínú sínágọ́gù Plymouth, tí ó sì ń pa ẹran fún wọn gẹ́gẹ́ bí òfin. Níbẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí ka Májẹ̀mú Titun. Nígbà tí àwọn ènìyàn rẹ̀ mọ ibi tí ọkàn rẹ̀ ń tẹ̀ sí, wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. A ṣe ìrìbọmi fún un ní ọjọ́ 22 oṣù June, 1825. Aya rẹ̀ náà tẹ̀lé e ní ọdún kan náà. Ó di àlùfáà, ó sì kọ́ni ní èdè Hébérù ní King's College, London. Ní ọjọ́ 7 oṣù November, 1841, a yà á sí mímọ́ ní Lambeth láti jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù ní Jerúsálẹ́mù. Ní oṣù January, 1842, ó wọ ìlú náà. Ó kú lójú ìrìn-àjò ní Íjíbítì ní oṣù November, 1845, kò tíì pé ọdún mẹ́rin tí ó ti wọ Jerúsálẹ́mù.

Ní ọdún 1841 kan náà ni Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣoògùn tí kò jìnnà sí Ìbàràpá wa yìí, bá ọkọ̀ lọ sí Odò Ọya. Ní ọjọ́ 29 oṣù June, 1864, a yà á náà sí bíṣọ́ọ̀bù. Ẹ gbé àwọn méjèèjì yẹ̀ wò pọ̀. Júù ni bíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ tí Ìjọ Gẹ̀ẹ́sì ní ní Jerúsálẹ́mù. Ọmọ Yorùbá ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí Ìjọ kan náà yàn sí oyè bíṣọ́ọ̀bù. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó sẹ́ àwọn ènìyàn rẹ̀. Crowther fi èdè ìyá rẹ̀ túmọ̀ Ìwé Mímọ́. Nígbà ayé Alexander, a ti ní Májẹ̀mú Titun àti Ìwé Àdúrà ní èdè Hébérù, ó sì fi èdè àwọn baba rẹ̀ gbàdúrà sí Ọlọ́run àwọn baba rẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù.

Ṣọ́ọ̀ṣì tí a ń kọ́ lọ́wọ́ nígbà tí Alexander kú, èyí tí a ń pè ní Christ Church, ni a yà sí mímọ́ ní ọjọ́ 21 oṣù January, 1849. Ó wà nítòsí Ẹnu-Ọ̀nà Jáfà títí di òní, ilé àlejò kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí arìnrìn-àjò lè sùn sí. Ẹni tí ó bá wọlé yóò rí lẹ́tà Hébérù tí a kọ sára pákó tí ó wà lẹ́yìn tábìlì mímọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, a kò gbé àgbélébùú sórí tábìlì náà, kí Júù tí ó bá wọlé má baà fi ẹ̀rù sá jáde. Ìdí rẹ̀ ni a ó sọ nísinsìnyí.

III. Ìdí tí àmì wa fi ń bà wọ́n lẹ́rù

Fún wa ní Ìbàràpá, àgbélébùú ni àmì ìfẹ́. A fi ń ṣe ọ̀ṣọ́ sára ìwé àdúrà, a sì ń gbé e ṣáájú akọrin. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1096, àwọn ọmọ-ogun tí ó ń lọ gba Jerúsálẹ́mù rán àmì kan náà mọ́ aṣọ wọn, wọ́n sì pa àwọn Júù ìlú Mainz àti Worms lójú ọ̀nà. Ní ọdún 654, ní Toledo ní ilẹ̀ Sípéènì, a mú kí àwọn Júù tí a ti ṣe ìrìbọmi fún fọwọ́ sí ìwé pé wọn kì yóò pa ọjọ́ ìsinmi mọ́ mọ́, wọn kì yóò ṣe àjọ ìrékọjá, wọn kì yóò sì kọ ọmọ wọn nílà. Ní ilẹ̀ Sípéènì yìí náà, lẹ́yìn ọdún 1478, ilé ẹjọ́ ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí wádìí àwọn Júù tí ó ti di Kristẹni bóyá wọ́n tan fìtílà ní alẹ́ Ẹtì tàbí wọ́n kọ ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Ní 1492, a lé gbogbo Júù tí kò gba ìrìbọmi kúrò ní ilẹ̀ náà. Láyé ìsinsìnyí, nígbà ogun tí ó parí ní 1945, a pa Júù bíi mílíọ̀nù mẹ́fà ní ilẹ̀ Yúróòpù, ní àárín àwọn orílẹ̀-èdè tí ń pe ara wọn ní Kristẹni.

Ẹ rí bí nǹkan ti dojú rú. Ìgbìmọ̀ àwọn Júù pinnu pé kò yẹ kí Kèfèrí di Júù kí ó tó di ti Jésù. Àwọn Kèfèrí dàgbà tán, wọ́n wá pinnu pé Júù kò gbọdọ̀ jẹ́ Júù mọ́ bí ó bá fẹ́ jẹ́ ti Jésù. Ìgbàgbọ́ tí ó ti ilé onílé wá ni a fi ń lé onílé jáde.

Nítorí náà, bí àlejò bá gbọ́ tí Júù onígbàgbọ́ kan wí pé, “Èmi kì í ṣe Kristẹni, ọmọ-ẹ̀yìn Yeshua ni mí,” kí ó má ṣe bínú. Ọ̀rọ̀ tí ó dùn létí wa ni ó ń dún bí idà létí ìyá rẹ̀ àgbà. Àwa náà mọ díẹ̀ nínú irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àkókò kan wà ní ilẹ̀ wa tí a rò pé ẹni tí ó bá gbàgbọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ Yorùbá. Nígbà tí David Brown Vincent, oníwàásù Onítẹ̀bọmi, yí orúkọ rẹ̀ padà sí Mojọlá Agbébí ní 1894, ohun tí ó ń wí ni pé Jésù kò ní kí òun gbàgbé baba òun. Ọ̀rọ̀ kan náà ni Júù onígbàgbọ́ ń sọ.

IV. Ohun tí àlejò yóò rí

Bí oòrùn ọjọ́ Ẹtì bá ti ń wọ̀, iṣẹ́ dáwọ́ dúró. Ìyá ilé a tan fìtílà. A gbé búrẹ́dì àti wáìnì sórí tábìlì. Baba a gbé ọwọ́ lé àwọn ọmọ lórí, a sì súre fún wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ilé Júù onígbàgbọ́, a ó dárúkọ Yeshua nínú àdúrà náà. Kò sí ìgbà tí àlejò fi ń mọ̀ wọ́n tó ìgbà oúnjẹ yìí. Ẹni tí ó bá pa á tì nítorí pé ó fẹ́ lọ ra ohun ìrántí ní ọjà, ó ti pàdánù.

Ní ọjọ́ kejì, Sátidé, ni púpọ̀ nínú wọn ń péjọ, nítorí pé ọjọ́ Àìkú jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì. Àlejò tí ó ti ìjọ Áńgílíkà lọ lè máa wá aṣọ funfun àti Ìwé Àdúrà, kí ó má rí i. Ní ibòmíràn, wọn a ka ìpín Òfin tí gbogbo Júù ń kà ní ọ̀sẹ̀ náà, wọn a sì ka Májẹ̀mú Titun tẹ̀lé e. Ní ibòmíràn, orin pẹ̀lú gìtá àti ìwàásù ni ó pọ̀ jù. Èdè Hébérù ni wọ́n ń lò, ṣùgbọ́n a máa ń túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Rọ́ṣíà fún ọ̀pọ̀ tí ó ti ibẹ̀ wá láti bí ọdún 1990, àti sí èdè Amharic fún àwọn tí ó ti Etiópíà wá. Wọn kò fi ohùn ṣọ̀kan lórí ohun gbogbo. Àwọn kan ń pa òfin oúnjẹ mọ́ pátápátá, àwọn mìíràn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Kí àlejò má ṣe gba ìjọ kan kí ó sì wí pé òun ti mọ gbogbo wọn.

Bí ó bá bọ́ sí ìgbà àjọ, yóò rí ohun tí ó ti ń kà láti ìgbà èwe. Ní àjọ ìrékọjá, àkàrà àìwú ni a ó bù, a ó sì sọ ìtàn Íjíbítì fún ọmọdé. Nígbà náà ni yóò yé e ohun tí Olúwa mú lọ́wọ́ ní alẹ́ tí a fi í hàn. Ní àjọ àgọ́, yóò rí àgọ́ tí a fi ẹ̀ka igi bò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tàbí lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, níbi tí gbogbo ará ilé ti ń jẹun fún ọjọ́ méje. Àgbẹ̀ Ìbàràpá tí ó mọ ahéré oko kì yóò ṣàì rẹ́rìn-ín ayọ̀.

Ìwà tí ó yẹ àlejò kò le. Kí ó béèrè kí ó tó ya àwòrán, pàápàá ní ọjọ́ ìsinmi. Kí ó má ṣe gbé oúnjẹ wọ ilé wọn láìbéèrè. Kí ó gbọ́ ju bí ó ti ń sọ lọ. Kí ó bá wọn palẹ̀ tábìlì mọ́. Kí ó má ṣe sọ tẹ́lẹ̀ lórí onílé tí kò bẹ̀ ẹ́. Bí wọ́n bá sì bi í nípa Ìbàràpá, kí ó sọ fún wọn nípa ìlú tí ìbejì pọ̀ sí. Ẹ̀bùn ni èyí fún ìdílé Rèbékà, ẹni tí ó bí Ísọ̀ àti Jákọ́bù.

V. Ohun tí ó ná wọn

Ní ilé wa ní Ìbàràpá, Mùsùlùmí àti Kristẹni a máa gbé lábẹ́ òrùlé kan. Ẹ̀gbọ́n lè jẹ́ Àlùfáà ní mọ́ṣáláṣí, kí àbúrò jẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹran Iléyá a dé ọ̀dọ̀ ti ìhín, ìrẹsì Kérésìmesì a sì dé ọ̀dọ̀ ti ọ̀hún. Ìyẹn ni ó fi ṣòro fún wa láti mọ ohun tí Júù kan ń rà nígbà tí ó bá jẹ́wọ́ Jésù. Láyé àtijọ́, òbí mìíràn a jókòó ṣọ̀fọ̀ fún ọmọ bẹ́ẹ̀ bí ẹni pé ó ti kú, a kì í sì í dárúkọ rẹ̀ mọ́. Lónìí pàápàá, àwọn kan ń pàdánù iṣẹ́ tàbí ojú rere ìbátan. Ní oṣù March, 2008, ní ìlú Ariel, ẹnìkan gbé ẹ̀bùn àjọ Púrímù wá sí ilé ìdílé onígbàgbọ́ kan. Bọ́ǹbù ni ó wà nínú rẹ̀. Ọmọkùnrin wọn tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 15 ṣí i, ó sì fara gbọgbẹ́ púpọ̀púpọ̀; Ọlọ́run dá ẹ̀mí rẹ̀ sí.

Òfin pẹ̀lú ti bi wọ́n léèrè ẹni tí wọ́n jẹ́. Oswald Rufeisen, Júù ọmọ Pólándì, gba ọ̀pọ̀ Júù ìlú Mir là ní 1942, ó sì sá pamọ́ sí ilé àwọn obìnrin ìsìn, níbi tí ó ti gbàgbọ́. Ó di àlùfáà ìjọ Àgùdà. Nígbà tí ó dé Ísírẹ́lì, ó béèrè pé kí a gba òun gẹ́gẹ́ bí Júù tí ó padà wálé. Ní 1962, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ wí pé bẹ́ẹ̀ kọ́: ẹni tí ó ti gba ẹ̀sìn mìíràn kò sí lábẹ́ òfin ìpadàbọ̀ náà mọ́. Ọ̀nà mìíràn ni ó gbà di ọmọ ilẹ̀ náà, ó sì sin àwọn ènìyàn ní Haifa títí ó fi kú ní 1998. Ní December, 1989, ilé ẹjọ́ kan náà dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ fún tọkọtaya Júù ti Mèsáyà kan. Báyìí ni wọ́n dúró láàrin ilẹ̀kùn méjì: sínágọ́gù ní, “Ìwọ ti di Kristẹni”, ìjọ ní, “Ìwọ ṣì jẹ́ Júù jù.”

Ọ̀ràn yìí kò ṣàì kan Áfíríkà. Ní Etiópíà ni àwọn Júù aláwọ̀ dúdú ti ń gbé láti ayébáyé. Ní 1860, Henry Aaron Stern, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ Júù onígbàgbọ́, mú Ìhìnrere tọ̀ wọ́n lọ. Ọba Tewodros gbà, ṣùgbọ́n ó ní inú ìjọ Etiópíà ni kí a ti ṣe ìrìbọmi fún wọn. Nígbà tí ó ṣe, ọba bínú, ó sì de Stern ní ẹ̀wọ̀n láti 1863 títí di 1868. Iṣẹ́ náà kò kú. Àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ni ó gbé e lọ́rùn. Ní oṣù May, 1991, nígbà tí ọkọ̀ òfúrufú kó Júù Etiópíà tí ó ju 14,000 lọ sí Ísírẹ́lì láàrin nǹkan bí ọjọ́ méjì, ọ̀pọ̀ ìdílé tí baba ńlá wọn ti gba ìrìbọmi ni a fi sílẹ̀ lẹ́yìn, nítorí ìbéèrè kan náà: Júù ni ẹ̀yin í ṣe, tàbí Kristẹni? Púpọ̀ nínú wọn dé lẹ́yìn ọdún pípẹ́.

VI. Ìyàwó ilé

Àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù fi igi ólífì ṣe àkàwé. Àgbẹ̀ wa mọ bí a ti ń lọ́ igi: ẹ̀ka ọsàn dídùn ni a ń mú, a sì ń lọ́ ọ sára ọsàn kíkan tí gbòǹgbò rẹ̀ le. Kò sí ẹni tí í mú ẹ̀ka kíkan lọ́ sára igi dídùn. Ṣùgbọ́n ohun tí Pọ́ọ̀lù wí pé Ọlọ́run ṣe nìyẹn: ó mú ẹ̀ka ólífì igbó, èyí tí í ṣe àwa, ó lọ́ ọ sára igi rere. Ó mọ̀ pé ó lòdì sí ìṣe àgbẹ̀ (ẹsẹ 24). Oore-ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ jẹ́ kí a fi ti ilé wa kún un. Nígbà tí a bá mú ìyàwó wọ agbo ilé ní ilẹ̀ Yorùbá, gbogbo ọmọ tí a bí sínú ilé náà ṣáájú rẹ̀ ni ó jẹ́ ọkọ rẹ̀, ìbáà ṣe ọmọ ọdún mẹ́ta. Kì í pè wọ́n lórúkọ. Orúkọ ẹ̀yẹ ni ó ń fún wọn. Ó ń kọ́ oríkì ilé náà. Síbẹ̀, kò sẹ́ ilé baba tirẹ̀. Kò sì wí pé inú agbo ilé yìí ni a ti bí òun. Bí ó bá bímọ, àwọn ọmọ rẹ̀ jẹ́ ọmọ ilé ní kíkún, wọ́n sì ń jogún. Bẹ́ẹ̀ ni àwa Kèfèrí ṣe wọ ilé Àbúráhámù.

Ewu méjì ni ó wà fún irú ìyàwó bẹ́ẹ̀. Èkíní ni ìgbéraga: kí ó máa pàṣẹ fún ọmọ ilé, kí ó sì wí pé Ọlọ́run ti kọ̀ wọ́n sílẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ yìí ni ìjọ dá ní Toledo àti ní Mainz, ó sì ń jáde nínú ìwàásù tiwa nígbà tí a bá ń lo “Júù” bí ọ̀rọ̀ èébú. Pọ́ọ̀lù kìlọ̀ fún ẹ̀ka kí ó má ṣe gbéraga sí gbòǹgbò, nítorí pé gbòǹgbò ni ó rù ú. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.

Ewu kejì ni àfarawé: kí ó máa díbọ́n pé inú ilé náà ni a bí òun sí. Lónìí a ń rí i tí àwọn kan ti Jerúsálẹ́mù bọ̀, tí wọ́n da aṣọ àdúrà àwọn Júù borí, tí wọ́n ń fọn ìwo àgbò lórí òkè àdúrà, tí wọ́n sì ń kọ́ni pé ìbùkún kò ní pé láìsí ìwọ̀nyí. Ohun tí ìgbìmọ̀ Jerúsálẹ́mù kọ̀ láti dì rù wá ni wọ́n ń dì ru àwọn aláìmọ̀kan, àwọn mìíràn tilẹ̀ ń gba owó lé e. Ìwo náà kò ní ẹ̀bi. Aṣọ náà kò ní ẹ̀bi. Júù tí ó ni wọ́n a máa lò wọ́n tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jí aṣọ onílé wọ̀, kò bu ọlá fún onílé. Ẹ̀kọ́ tí Júù onígbàgbọ́ ń kọ́ wa ni pé kí ẹni kọ̀ọ̀kan wá sọ́dọ̀ Mèsáyà gẹ́gẹ́ bí Ọlọ́run ti dá a.

VII. Àwọn ọmọ ilé kejì

Ọ̀rọ̀ kan kù. Ní ilẹ̀ kan náà ni àwọn Kristẹni Lárúbáwá wà, tí ìgbàgbọ́ wọn ti pẹ́. Nínú ìjọ Áńgílíkà ti Jerúsálẹ́mù, tí kàtídírà rẹ̀ ń jẹ́ St. George's, àwọn ni ó pọ̀ jù. Ìjà ilẹ̀ ti ya àwọn onígbàgbọ́ Júù àti onígbàgbọ́ Lárúbáwá, ọgbẹ́ wọn sì jinlẹ̀. Ní ọdún 1990, a dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí ń jẹ́ Musalaha, ìtumọ̀ èyí tí í ṣe ìlàjà. Ó ń kó àwọn ọ̀dọ́ ìhà méjèèjì lọ sí aginjù, níbi tí kò ti sí ẹni tí ó lè dá rìn, tí olúkúlùkù fi ní láti bá ẹnìkejì pín omi. Àlejò láti Ìbàràpá tí ó bá fẹ́ràn ọ̀kan tí ó sì kórìíra èkejì, kò tíì ka Éfésù orí kejì. Ògiri tí Mèsáyà wó, kí a má ṣe bá ẹnikẹ́ni mọ ọ́n padà. Àwa pẹ̀lú tí a ń bá àwọn ẹ̀yà mìíràn pín oko àti omi ní Ìbàràpá, a ti mọ bí àìgbọ́ra-ẹni-yé ti ń da ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a kọ́gbọ́n.

Ìparí

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi ẹ̀kọ́ yìí kọ́ àwọn ọmọ pé Jésù kò wá láti gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀, bí kò ṣe láti rà wọ́n padà pọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìrìn-àjò, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń darí yín pé kí a fi ìsìn ọjọ́ ìsinmi kan sínú ètò yín láàrin àwọn onígbàgbọ́ Júù, àti ìsìn ọjọ́ Àìkú kan láàrin àwọn ará Lárúbáwá. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, ẹ máa rántí wọn nínú àdúrà. Bí ẹ bá bọ̀, ẹ mú orúkọ ènìyàn bọ̀ fún wa pẹ̀lú omi Jọ́dánì, kí a lè máa fi orúkọ náà gbàdúrà.

Ìbéèrè fún àwọn kíláàsì

1. Kí ni ìbéèrè tí ìgbìmọ̀ Ìṣe orí 15 dáhùn? Ta ni ó jókòó nínú rẹ̀?

2. Sọ ìtàn Bíṣọ́ọ̀bù Alexander ní ṣókí. Ní ọ̀nà wo ni ó fi jọ Bíṣọ́ọ̀bù Crowther?

3. Èé ṣe tí àgbélébùú fi lè ba Júù kan lẹ́rù? Kí ni ó yẹ kí àlejò ṣe nípa rẹ̀?

4. Ṣàlàyé bí àwa Kèfèrí ti dàbí ìyàwó tí a mú wọ agbo ilé. Ewu méjì wo ni ó wà fún un?

5. Èwo nínú ewu méjèèjì ni ó súnmọ́ ìjọ tìrẹ jù? Kí ni ìwọ yóò ṣe sí i?